Bẹ́ ẹ ṣe lè bá ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀ lórí 40, 80 àti 160 mítà láti ilé yín ní Nàìjíríà

Ọ̀rọ̀ rédíò amatọ̀ (ham radio) lèyí, ìyẹn rédíò táwọn èèyàn fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ láti ilé wọn; 40, 80 àti 160 mítà jẹ́ mẹ́ta nínú báńdì ẹ̀, àwọn la ń pè ní báńdì ìsàlẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí ṣáá: "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń ṣe tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ Brazil lórí 80 mítà? Èmi gbé rédíò 100 wáàtì kalẹ̀, ṣàà ṣàà ṣàà nìkan ni mò ń gbọ́." Mo ti dáhùn ẹ̀ lórí WhatsApp títí ó fi sú mi, ni mo bá ní kí n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ síbì kan kí gbogbo yín rí i kà.

Ohun kan ni kẹ́ ẹ mú dání bẹ́ ẹ ṣe ń kà á lọ: lórí báńdì ìsàlẹ̀, etí ló ń ṣiṣẹ́ ju ẹnu lọ. 100 wáàtì tó, kódà 50 tó. Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ yín dúró ni ariwo inú ilé, wáyà tẹ́ ẹ ta sórí páànù, àti pé ẹ̀ ń jókòó sídìí rédíò lásìkò tí ẹnikẹ́ni ò lè gbọ́ yín.

## Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀

- Láísẹ́ńsì àti call sign (orúkọ tẹ́ ẹ ó máa jẹ́ lórí afẹ́fẹ́) tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sínú láísẹ́ńsì yẹn dáadáa, báńdì tí wọ́n bá fún yín àti wáàtì tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò. Tí ẹ ò bá tíì ní, ẹ kàn máa gbọ́ títí tiyín á fi jáde.
- Rédíò HF (ti ìgbì kúkúrú) tó dé 160 mítà.
- Bátìrì 12V tó ní agbára, bíi 100Ah tí wọ́n fi ń ṣe sólà. Rédíò 100 wáàtì máa ń fa bíi 20 ampere tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀, bátìrì ọ̀kadà ò lè gbé e.
- Wáyà iná 1.5mm, okùn ọ̀rá, ọparun méjì tàbí igi gíga.
- Kéébù 50 ohm tó máa dé ìdí ẹ́ríàlì.
- NanoVNA (ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ẹ́ríàlì) tàbí mítà SWR (SWR ló ń sọ bí ẹ́ríàlì ṣe bá rédíò mu tó, bó bá ṣe sún mọ́ 1 ló ṣe bá a mu tó). Tí owó bá máa ká ẹyọ kan péré, ẹ ra NanoVNA.

## Báńdì wo lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀?

40 mítà ni, ìyẹn 7.000 sí 7.200 MHz níbi tiwa ní Region 1, apá ayé tí wọ́n pín Nàìjíríà sí nínú ọ̀rọ̀ rédíò. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì fò lọ sórí 160, mo mọ̀ pé òun ló ń wù yín torí wọ́n ní ọkùnrin ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹni tí ò tíì gbọ́ Yúróòpù dáadáa lórí 40 ò ní gbọ́ ẹnì kankan lórí 160. Tí 40 bá ti mọ́ yín lára, ẹ bọ́ sórí 80, ìyẹn 3.500 sí 3.800. 160 ló kẹ́yìn, láti 1.810 lọ sókè.

Lọ́sàn-án, oòrùn máa ń so ìpele kan mọ́ ojú sánmà tí wọ́n ń pè ní D, ìpele yìí máa ń gbé ìgbì báńdì ìsàlẹ̀ mì bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu omi. Tí oòrùn bá wọ̀, D á pòórá, ìgbì yín á ráyè gòkè dé ìpele F tó wà lókè D, ìyẹn á wá dá a padà sáyé níbi tó jìnnà. Torí ẹ̀ ni 80 àti 160 fi jẹ́ iṣẹ́ òru pátápátá. 40 ní àánú díẹ̀, ó máa ń ṣí ní bíi wákàtí kan kí oòrùn tó wọ̀.

Nǹkan kékeré kan tó ń kó ìtìjú bá àwọn tuntun: tẹ́ ẹ bá ń fi ohùn sọ̀rọ̀ lórí báńdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, LSB (lower sideband, apá ìsàlẹ̀ ìgbì) ni wọ́n ń lò. USB (upper sideband, apá òkè) ni ti FT8, ìyẹn ọ̀nà kọ̀ǹpútà tí mo ṣàlàyé nísàlẹ̀, lórí báńdì yòówù kó jẹ́.

## Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ pa ariwo ilé yín

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti lo àkókò jù, torí ibí ni gbogbo èèyàn ń fò kọjá.

1. Lálẹ́, ẹ gbé rédíò sórí bátìrì nìkan, kó má kan iná ilé rárá. Ẹ lọ sí bíi 3.600 MHz níbi tí kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ kọ iye tí S-mítà (mítà ara rédíò tó ń fi agbára ohun tẹ́ ẹ ń gbọ́ hàn) ń kà sílẹ̀.
2. Ẹ pa méènì ilé yín, ẹ tún kà á. Tó bá já wálẹ̀, a jẹ́ pé inú ilé yín ni ọ̀tá wà. Tí kò bá já, a jẹ́ pé ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni.
3. Ẹ dá méènì padà, kẹ́ ẹ wá máa tan nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan: gílóòbù, ṣájà fóònù, tẹlifíṣọ̀n, dìkódà, ínfátà. Ẹ máa wo mítà. Èyí tó bá fò sókè, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀.
4. Fún ti ìta, ẹ mú rédíò kékeré alágbèéká, ẹ tún un sí AM lápá 1600 kHz níbi tí kò sí iléeṣẹ́ kankan, kẹ́ ẹ máa rìn kiri. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń sún mọ́ ohun tó ń pariwo ni ohùn ẹ̀ á máa le sí i.
5. Ohun tẹ́ ẹ bá lè pààrọ̀, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ ò lè pààrọ̀, ẹ yí wáyà ẹ̀ mọ́ ferrite oníhò (òrùka dúdú tó ń dá ariwo dúró lára wáyà), irú èyí tí wọ́n ń pè ní mix 31, ní bí ẹ̀ẹ̀mẹjọ sí mẹ́wàá. Mix 43 máa ń ṣe díẹ̀, àmọ́ 31 ló mọ iṣẹ́ báńdì ìsàlẹ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ẹ̀ kó lè yé yín ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Tí ariwo yín bá wà ní S9, tẹ́ ẹ wá fà á wálẹ̀ sí S6, dB 18 lẹ gbà padà yẹn (dB ni wọ́n fi ń wọn ìyàtọ̀ agbára, S kọ̀ọ̀kan jẹ́ dB 6). Ó dà bí ẹni pé ẹni tó ń fi 100 wáàtì pè yín láti ìlú òyìnbó ló ṣàdédé sọ ọ́ di 6,300 wáàtì. Kò sí ẹ̀rọ tẹ́ ẹ lè rà tó máa ṣe irú ẹ̀ fún yín, gílóòbù kan ṣoṣo sì lè ṣe é.

Tèmi gan-an, gílóòbù ni. Oṣù mẹ́ta gbáko ni S8 fi ń da 80 mítà mi láàmú ní gbogbo alẹ́ láti aago méje, tó bá di aago márùn-ún ìdájí ó ti lọ. Mo pa méènì mi, kò já. Mo wá gbé rédíò kékeré rìn yí ilé po, ó di ìdí gílóòbù LED tí bàbá onílé wa fi síwájú ilé, ó pariwo dẹ́ẹ̀ẹ̀ bí ẹni ń din àkàrà.

Mo lọ bá wọn. "Bàbá, ẹ káalẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kí n bá yín pààrọ̀ gílóòbù iwájú yìí?"

"Kí ló ṣe gílóòbù mi?"

"Ó ń dí rédíò mi lọ́wọ́ ni sà."

Wọ́n wò mí, wọ́n wo gílóòbù, wọ́n tún wò mí. "Ó ti lé lọ́dún kan tí gílóòbù yìí ti ń ṣiṣẹ́, rédíò tiẹ̀ ló fẹ́ bá a jà. Ṣé ìwọ lo máa rà á?" Èmi náà ni mo rà á o, méjì, ọ̀kan fún ẹ̀yìn ilé kí ọ̀rọ̀ má bàa tún yọ. Alẹ́ ọjọ́ yẹn S-mítà já sí S4, mo sì gbọ́ PY méjì, ìyẹn ará Brazil, kí n tó lọ sùn.

Ẹ tún fọkàn sí èyí: tí iná bá lọ ní gbogbo àdúgbò, ẹ sáré lọ sídìí rédíò. Ẹ ní bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá kí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àsìkò yẹn, ẹ ò ní gbà gbọ́ pé báńdì kan náà ni. Ohun tẹ́ ẹ bá gbọ́ nígbà yẹn ló máa fi hàn yín bí ibi tẹ́ ẹ wà ṣe dára tó. Sólà náà ní tiẹ̀: ẹ̀rọ tó ń ṣàkóso ṣájì máa ń pariwo lójúmọmọ nìkan, ínfátà ni kì í sùn. Tẹ́ ẹ bá lè pa ínfátà fún wákàtí méjì tẹ́ ẹ fi ń ṣiṣẹ́, ẹ pa á, ẹ tan láńtánì.

## Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ́ríàlì tó ń wo ọ̀nà jíjìn

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni ká ta dáípóòlù (ẹ́ríàlì wáyà tó nà gbọọrọ, tí kéébù so mọ́ àárín ẹ̀) sí mítà mẹ́rin tàbí márùn-ún sókè páànù. Ó máa ń ṣiṣẹ́ o! Ẹ ó gbọ́ Kano bí ẹni jókòó tì yín, ẹ ó gbọ́ Gánà, inú yín á dùn. Ṣùgbọ́n òkè tààrà ló ń rán ìgbì yín sí, ó sì ń já bọ́ nítòsí. Kí dáípóòlù 80 mítà tó lè wo ọ̀nà jíjìn dáadáa, ó yẹ kó gòkè tó bíi mítà 40, ta ló ní òpó mítà 40? Ẹ́ríàlì tó dúró lóòró ló máa ń rán ìgbì sísàlẹ̀ ojú sánmà, ìyẹn ló ń lọ jìnnà.

Gígùn wáyà òòró:

- 40 mítà: bíi mítà 10
- 80 mítà: bíi mítà 20
- 160 mítà: bíi mítà 39

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ni onígun L fún 80, torí ọparun wa ò lè dé mítà 20, apá kan lọ sókè, ìyókù tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

1. Ẹ ra ọparun méjì tó gbó, tó tó mítà 11 tàbí 12. Ẹ dè é mọ́ ògiri fẹ́ǹsì tàbí òpó tó lágbára níbi mẹ́ta. Igi àgbọn náà dára, àmọ́ kí wáyà jìnnà sí imọ̀ ẹ̀.
2. Ẹ gé wáyà mítà 21. Ó gùn ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀, gígé rọrùn ju sísopọ̀ lọ.
3. Ẹ fa wáyà láti ìsàlẹ̀ gba ara ọparun kìíní lọ sókè, kẹ́ ẹ wá nà án lọ sórí èkejì. Ẹ fi ègé páìpù rọ́bà sópin ẹ̀ kí okùn tó bẹ̀rẹ̀, kó má kan igi.
4. Ẹ gé wáyà ilẹ̀ 16, mítà mẹ́wàá mẹ́wàá. Wáyà àlòkù dára, wáyà tẹlifóònù àtijọ́ dára, kò sẹ́ni tó máa wò ó. Ẹ nà wọ́n ká ìdí ẹ́ríàlì bí ìtànṣán oòrùn, kẹ́ ẹ fi wáyà tẹ́ ẹ tẹ̀ bí ìkọ́ kàn wọ́n mọ́lẹ̀. Tí ilẹ̀ ò bá yí ibẹ̀ po, ẹ tẹ́ ẹ síbi tó bá wà.
5. Gbogbo wáyà ilẹ̀ á so mọ́ ara kéébù, àárín kéébù á so mọ́ ẹ́ríàlì. Ẹ jó o ní léèdì, kẹ́ ẹ fi gọ́ọ̀mù bò ó kí omi má wọlé. Omi tó bá wọ kéébù lẹ́ẹ̀kan ti ba kéébù yẹn jẹ́ náà nìyẹn.
6. Nítòsí ìdí ẹ́ríàlì, ẹ yí kéébù gba inú ferrite FT240-31 ní bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kí ariwo ilé má bàa gba ẹ̀yìn kéébù rìn wọnú ẹ́ríàlì.
7. Ẹ gbé NanoVNA sí i. Níbi tí SWR bá ti kéré jù ni kẹ́ ẹ wò. Tó bá wà ní 3.400, wáyà ti gùn jù, tẹ́ ẹ bá gé sẹ̀ǹtímítà 20 kúrò, ó máa sún sókè bíi 35 kHz. Ẹ máa gé e díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé ibi tẹ́ ẹ fẹ́.

Lórí ọ̀rọ̀ SWR, ẹ gbọ́ èyí dáadáa torí ó ti ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Ẹ́ríàlì òòró tó ní wáyà ilẹ̀ méjì péré lè fún yín ní SWR 1.1, tẹ́ ẹ bá wá kún wáyà ilẹ̀ sí i, ó lè lọ sí 1.6 tàbí 2. Ẹ má yọ wọ́n kúrò! 1.1 àkọ́kọ́ yẹn, erùpẹ̀ ló ń jẹ agbára yín. Tó bá ń gòkè bẹ́ ẹ ṣe ń kún wáyà, ìròyìn ayọ̀ ni, ẹ fi tuner (ẹ̀rọ tó ń bá ẹ́ríàlì àti rédíò làjà) ṣe ìyókù.

Tí kéébù 50 ohm bá wọ́n jù, kéébù díìṣì RG-6 tó jẹ́ 75 ohm máa ṣe é lórí báńdì ìsàlẹ̀ tí kò bá gùn jù, rédíò ò ní mọ̀ ọ́n. Ìṣòro ẹ̀ kan ni pé ara òde ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ alumíníọ̀mù, léèdì ò lè mú un, ẹnu tí wọ́n ń fi pláyà fún mọ́ ọn ni kẹ́ ẹ lò.

Ẹ ṣọ́ra o:

- Ẹ má ju okùn tàbí wáyà gba orí wáyà iná ìjọba tàbí ìtòsí ẹ̀. Tí ẹ́ríàlì bá lè wó kan wáyà iná, ibi tẹ́ ẹ gbé e sí ò dára, ẹ gbé e kúrò.
- Òjò bá ń ṣú, ẹ yọ kéébù lẹ́yìn rédíò, kẹ́ ẹ sì gbé ẹnu ẹ̀ síta fèrèsé. Yíyọ nìkan ò tó, àrá tó gba ẹ̀gbẹ̀rún mítà lójú ọ̀run wá ò ní ka sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sí nǹkan kan.
- Nígbà ọyẹ́, eruku gbígbẹ lè kó iná sára wáyà, ẹ ó gbọ́ ọ tó ń ta páráparà lẹ́nu kéébù. Ẹ kọ́kọ́ fi kan ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó kì í bọ rédíò.
- Ẹ ṣe ọgbà kékeré sídìí ẹ́ríàlì. Wáyà tẹ́ ẹ ń fi 100 wáàtì sọ̀rọ̀ lára ẹ̀ máa ń jó ọwọ́, ọmọdé ò mọ̀. Ewúrẹ́ náà ò mọ̀, èyí tó wà ládùúgbò mi ti fẹsẹ̀ fa wáyà ilẹ̀ mẹ́ta já, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn.

## Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ́ríàlì fún etí nìkan

Ẹ́ríàlì òòró mọ̀ ọ́n sọ ju bó ṣe mọ̀ ọ́n gbọ́ lọ, gbogbo ariwo ló ń kó. Àwọn àgbà báńdì ìsàlẹ̀ máa ń fi ọ̀kan sọ̀rọ̀, wọ́n á fi òmíràn gbọ́. Èyí tó rọrùn jù ni wáyà tí wọ́n tẹ́ sórí ilẹ̀: wáyà onírọ́bà mítà 18, ẹ tẹ́ ẹ ní onígun mẹ́rin, mítà mẹ́rin ààbọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, sórí koríko lásán, kó jìnnà sí ẹ́ríàlì àkọ́kọ́ àti sílé. Trànsífọ́mà kékeré 9:1 ló máa so ó mọ́ kéébù. Àmì á kéré lórí mítà, ẹ má bẹ̀rù, ariwo á kéré jù ú lọ, ìyẹn lẹ̀ ń wá.

Ẹni tó bá ní oko tàbí ilẹ̀ tó gùn lè ta Beverage, ìyẹn wáyà mítà 160 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní gíga mítà méjì, kó dojú kọ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́. Láti ìhà Èkó àti Ìbàdàn, Yúróòpù wà ní àríwá gbọnrangandan, ìhà New York jẹ́ bíi digírì 310, Brazil lápá São Paulo bíi 237, Japan bíi 41. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé wáyà mítà 160 nínú oko, àwọn kan á kà á sí owó.

Ìkìlọ̀ kan: ihò RX ANT (ti ẹ́ríàlì ìgbọ́ràn nìkan) lẹ́yìn rédíò ni kẹ́ ẹ kì í bọ̀. Tí rédíò yín ò bá ní in, ẹ má kàn so ó mọ́ ihò ẹ́ríàlì kẹ́ ẹ gbàgbé, ẹ ó tẹ máíkì lẹ́ẹ̀kan, trànsífọ́mà á jóná.

## Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ mọ àsìkò

Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ló dára jù fún àríwá. Òjò ti lọ nílẹ̀ wa, àrá dín kù, òru Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sì gùn. Nígbà òjò, mọ̀nàmọ́ná tó wà ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà ṣì máa ń ta páá-páá létí yín, 160 á fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé tẹ́tí sí. Ti Brazil yàtọ̀ díẹ̀ torí ìgbà òjò tiwọn ni December, ẹ tún gbìyànjú wọn nígbà August break.

Ní ìparí December, oòrùn Èkó máa ń wọ̀ ní nǹkan bí 6:37 ìrọ̀lẹ́, á sì là ní nǹkan bí 6:52 àárọ̀. Ohun tẹ́ ẹ ó máa wá nìyí, aago tiwa ni o:

- Japan: 6:40 ìrọ̀lẹ́ sí 10:45 alẹ́. Oòrùn ń là ní Tokyo ní bíi 10:45 yẹn, ìdajì wákàtí tó ṣáájú ẹ̀ ló ń dùn jù. Kìlómítà 13,000 àti ọgọ́rọ̀ọ̀rún lé ni o, ẹ má retí ohùn ńlá.
- Yúróòpù: láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀. Kìlómítà 5,000 ni London, òun ló rọrùn jù.
- Ìlà oòrùn Amẹ́ríkà: láti 10:30 alẹ́ tí oòrùn bá wọ̀ fún wọn. Àmọ́ ti 6:00 sí 6:50 àárọ̀ wa ni kẹ́ ẹ má pàdánù, aago méjìlá sí ọ̀kan òru ni lọ́dọ̀ tiwọn, àwọn tó fẹ́ràn báńdì ìsàlẹ̀ ò tíì sùn.
- Brazil: láti 11:00 alẹ́ sí ìdájí.

Ìgbà tí oòrùn bá ń wọ̀ tàbí ń là níkangun kan, ohùn lè ṣàdédé wú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí ogún. Mo ti gbọ́ ẹni tí ò sí rárá ní 6:30 tó di S7 ní 6:45, tó tún pòórá ní aago méje. Ẹ má ṣe dìde lọ po ẹ̀kọ lásìkò yẹn.

Ẹ tún máa wo K-index, nọ́ńbà tó ń sọ bí ìjì oòrùn ṣe ń da òòfà ilẹ̀ ayé láàmú tó, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. 0 sí 2 dára. Tó bá ti ju 4 lọ, ọ̀nà Amẹ́ríkà àti àríwá Yúróòpù á rọ, ti Brazil kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára torí kò gba ìhà North Pole lọ.

## Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ tẹ́tí, kẹ́ ẹ tó pè

Ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, ẹ má fọwọ́ kan máíkì. Ẹ máa yí bọ́tìnnì díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ń lo CW (kóòdù Morse) wà nísàlẹ̀ báńdì, 7.000 sí 7.030 àti 3.500 sí 3.510, lórí 160 láti 1.810 sí bíi 1.830. Fún ohùn, 3.775 sí 3.800 àti 7.175 sí 7.200 ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ̀nà jíjìn, ẹ má lọ síbẹ̀ lọ bá ọ̀rẹ́ yín tó wà ní Abẹ́òkúta ṣeré.

Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ẹni tó jìnnà tó ń sọ "up" tàbí "up two", ó ń gbọ́ lókè ibi tó ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ tan split (bọ́tìnnì tó ń jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ níbì kan kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ níbòmíràn), ẹ gbé ti ìsọ̀rọ̀ yín lọ sókè. Ẹni tó bá pè é lórí ojú ibi tó wà gan-an, gbogbo ayé ló máa bú u.

Nǹkan kan wá wà tí ìwé àwọn òyìnbó ò ní sọ fún yín: ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ń wá. 5N ò wọ́pọ̀ lórí báńdì ìsàlẹ̀, lórí 160 pàápàá. Tẹ́ ẹ bá pe CQ (ìpè sí ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́) ní 7.010 lóru December, ẹnì kan á dáhùn, yóò di mẹ́ta, kó tó tó ìṣẹ́jú márùn-ún wọ́n ti di ọjà Bódìjà lọ́jọ́ ọdún. Ọ̀pọ̀ tuntun máa ń bẹ̀rù níbí, wọ́n á pa rédíò. Ẹ má pa á:

1. Ẹ sọ "up", kẹ́ ẹ máa gbọ́ láti kìlóhẹ́ẹ̀tìsì kan sí mẹ́ta lókè yín, tó bá jẹ́ ohùn, márùn-ún.
2. Ẹ gbọ́ lẹ́tà méjì péré? Ẹ dá lẹ́tà méjì yẹn padà, ẹ dúró. Ẹlòmíràn bá já lu ọ̀rọ̀, ẹ má dá a lóhùn àfi ẹni tẹ́ ẹ pè.
3. Call sign ẹ̀, 599 (fún CW) tàbí 59 (fún ohùn) tó ń sọ pé ẹ gbọ́ ọ, ó parí. Ẹ má bèèrè ojú ọjọ́.
4. Ẹ sọ call sign yín lẹ́yìn ẹni méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn tó ń dúró fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n ń pè.
5. Tó bá sú yín, ẹ sọ QRT (mò ń pa rédíò) kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ má kàn dákẹ́.

## FT8, fún ẹni tí ò mọ CW tí ariwo ilé ẹ̀ ò ṣeé pa

Kọ̀ǹpútà ló ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ó lè gbọ́ ohun tí etí èèyàn ò lè gbọ́ rárá. Àwọn àgbà kan ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀, èmi ò bá wọn dá sí i, òru tí ínfátà aládùúgbò ń ké, òun ni mò ń lò.

1. Ẹ fi ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WSJT-X sórí kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ so ó mọ́ rédíò. USB (apá òkè ìgbì) ni kẹ́ ẹ tún rédíò sí o, kì í ṣe LSB.
2. Ẹ tún rédíò sí 7.074 fún 40, 3.573 fún 80, tàbí 1.840 fún 160.
3. Ẹ tún aago kọ̀ǹpútà ṣe. Ìṣẹ́jú àáyá 15 ni wọ́n fi ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, tí aago yín bá fi ju ìṣẹ́jú àáyá méjì ààbọ̀ lọ yàtọ̀, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ wo òpó DT tó ń fi ìyàtọ̀ aago hàn lójú WSJT-X: tí gbogbo èèyàn bá ń kà bíi 1.0, aago tiyín ló ṣàṣìṣe, àwọn yẹn ò lè jọ ṣìnà pa pọ̀.
4. Ẹ fa wáàtì wálẹ̀ sí 30 tàbí 50, torí rédíò ò ní sinmi bíi ti ohùn. Kí ALC, mítà tó ń fi hàn pé ohùn tó ń wọlé láti kọ̀ǹpútà ti pọ̀ jù, má ṣe rìn.
5. Ẹ wo PSK Reporter lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ yín láìtíì bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀.

## Tẹ́ ẹ bá jẹ́ ayálégbé, tí kò sí ilẹ̀

Ẹ ta wáyà mítà 20 láti fèrèsé òkè lọ sórí igi pẹ̀lú trànsífọ́mà 49:1, á ṣe 40 fún yín. Lórí 80 kò ní dùn. Ohun tó sàn jù ni pé kẹ́ ẹ máa gbé rédíò, bátìrì àti ọparun lọ sí oko tàbí ilé ẹbí lábúlé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, níbi tí kò sí LED, ẹ ó rí i pé òru kan níbẹ̀ ju oṣù kan nígboro lọ. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ohùn yín ń dé Yúróòpù, ẹ ṣí WebSDR (rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì) Yunifásítì Twente ní Netherlands lórí fóònù, ẹ ó gbọ́ ara yín níbẹ̀. Fún CW, ìkànnì Reverse Beacon Network máa kọ ibi tí wọ́n ti gbọ́ yín síta fúnra ẹ̀.

## Àkọsílẹ̀

Gbogbo ẹni tẹ́ ẹ bá bá sọ̀rọ̀, ẹ máa fi UTC, aago kan ṣoṣo tí gbogbo ayé jọ ń lò, kọ ọ́, tiwa fi wákàtí kan ṣáájú ẹ̀. Níbí ni àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ gidi ti ń pàdánù. Ẹ bá ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ ní 12:30 òru Saturday, ẹ kọ Saturday, òun kọ Friday 23:30 torí Friday náà ló jẹ́ ní UTC, ẹ jọ gbé e sórí LoTW (ìkànnì tó ń fi àkọsílẹ̀ ẹni méjì wé ara wọn), kò bára mu. Ẹ ó máa rò pé ọkùnrin yẹn ò fọwọ́ sí i fún yín. Ẹ fi aago kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò, kẹ́ ẹ tún un sí UTC, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sára ẹ̀ gàdàgbà-gadagba kí ìyàwó yín má bàa fi jí àwọn ọmọ lọ sílé ìwé.